Omi Tí Wọ́n Fi Du Àbúrò Mi

Mo kórìíra ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ báyìí, pàápàá lórí ẹni tó ti kú, ṣùgbọ́n èmi náà ti dàgbà, mi ò sì ní àsìkò mọ́ láti máa fi ẹnu dídùn sọ ohun tí kò dùn. Ìyá Ìjọ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí oyè tí wọ́n fi í jẹ nínú ìjọ Aládùúrà tí à ń lọ ní Ṣàngó. Àwa tí a jọ ń gbé ilé náà kò pè é ní nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá bá àwọn tó kù nínú ìjọ náà sọ̀rọ̀ lónìí, wọn á sọ fún yín pé ẹni Ọlọ́run ni. Ẹ gbọ́ tiwọn tán kí ẹ tó gbọ́ tèmi, ó tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni àwọn òbí mi ti wá sí Ìbàdàn. Akọ̀wé ni bàbá mi ní ọ́fíìsì rélùwéè ní Dùgbẹ̀, a sì háyà yàrá méjì nínú ilé ńlá kan tí kò jìnnà sí ojú irin, tí àwọn ayálégbé bíi tiwa kún inú rẹ̀. Ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni mò ń sọ yìí. Èmi nìkan ni ọmọ tí ìyá mi ní fún ìgbà pípẹ́, kí ó tó wá bí àbúrò mi ọkùnrin nígbà tí àwọn èèyàn ti ń fi ojú àánú wò ó. Ìyá Ìjọ ti yàrá rẹ̀ pa ní Ṣàngó, ó ní òun ń bọ̀ wá bá wa wẹ ọmọ fún ìwọ̀nba oṣù díẹ̀. Ó dé pẹ̀lú àpótí aṣọ rẹ̀, àga ìjókòó rẹ̀ àti Bíbélì rẹ̀. Ẹni tó gbé àga wá wẹ ọmọ, ó yẹ kí a ti mọ̀ pé kò ní í lọ mọ́.

Bàbá mi kò lè sọ pé kó máa lọ. Nígbà tí ìyá wọn kú, Ìyá Ìjọ ló gbé bàbá mi pọ̀n, òun ló bọ́ ọ, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ọkùnrin tó ń pàṣẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní rélùwéè, tó ń bá òyìnbó sọ̀rọ̀ láìwo ilẹ̀, bí ó bá ti délé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohun kan ṣoṣo tí a ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni, "Bí ẹ bá ti wí, Ẹ̀gbọ́n mi." Mo máa ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn, mo máa ń retí pé kí ó sọ nǹkan mìíràn. Kò sọ ọ́ rí.

Ilé ìdáná ni Ìyá Ìjọ kọ́kọ́ gbà. Bí ó bá fẹ́ se ẹ̀fọ́, á gbé e sínú omi gbígbóná, á bọ̀ ọ́, á fún un, á tún da omi mìíràn sí i, á tún fún un, títí ewé náà yóò fi rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Omi ewé yẹn á máa ṣàn lọ nínú gọ́tà lẹ́yìn ilé, ó dúdú, ó sì ń tàn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, tí mo lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tí wọ́n ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ, olùkọ́ wa sọ pé àwọn fítámì kan wà tí wọ́n máa ń yọ́ sínú omi, pé ẹni tó bá da omi ẹ̀fọ́ nù ti da èyí tó dára jù nínú ẹ̀fọ́ nù. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi jókòó, inú ń bí mi. Gọ́tà wa ló jẹ fítámì ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwa la jẹ ìhàhà.

Òfin rẹ̀ lórí oúnjẹ ìyá mi burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ọmọ kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin, kí ọmọ má baà di olè. Kò gbọdọ̀ jẹ ìgbín, kí ọmọ má baà máa da itọ́. Kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọsàn, ó ní á mú kí wàrà ọmú kan. Ẹ̀dọ̀ tí wọ́n bá rà lọ́jà, inú àwo bàbá mi ló ń lọ, nítorí òun ni olórí ilé. Ẹ̀kọ tútù àti ọbẹ̀ ata lásán ni ìyá mi ń jẹ, òun tó bímọ, òun tó da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, òun tó ń fún ọmọ lọ́mú. Bí ó bá dìde lójijì, á di ògiri mú títí òòyì tó ń kọ́ ọ á fi lọ. Abẹ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ funfun. Nísinsìnyí mo mọ̀ pé èròjà irin tó wà nínú ẹ̀dọ̀ àti nínú ewébẹ̀ ló ń bá ara ṣe ẹ̀jẹ̀, mo sì mọ ẹni tó nílò rẹ̀ nínú ilé wa. Bàbá mi ló ń jẹ ẹ́, ó ń sanra, ó sì ń kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú oúnjẹ.

Ohun tí Ìyá Ìjọ fi gba orúkọ nínú ìjọ ni ààwẹ̀ gbígbẹ. Àwọn tó kù máa ń gbààwẹ̀ tí wọ́n á mu omi díẹ̀. Tirẹ̀ kò ní omi nínú, láti òwúrọ̀ títí di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀. Wọ́n á máa tọ́ka sí i, wọ́n á ní ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe ń dán. Mo mọ ìdí tí ojú rẹ̀ fi ń dán. Ìgò aláwọ̀ ewé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, omi tí wòlíì gbàdúrà sí ló wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń gbé e sẹ́nu ní ọ̀sán gangan, ní àárín ààwẹ̀, á mu ún débi tí mo fi ń gbọ́ bó ṣe ń gbé e mì. Lọ́jọ́ tí mo bi í léèrè, ó kọ́kọ́ gbá mi létí, lẹ́yìn náà ó dá mi lóhùn.

"Omi àdúrà kì í ṣe omi," ó ní. "Kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Béèrè lọ́wọ́ wòlíì."

Àbúrò mi ti ń rá nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú un. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ni, eṣinṣin sì pọ̀. Ìyá Ìjọ ní eyín ló ń hù, kí a má da ara wa láàmú. Ní ọjọ́ kejì, ìgbẹ́ náà ti di omi lásán, kò sì dúró. Ìyá mi bu omi fún un, ó mu ún tán, ó na ọwọ́ sí ife pé òun ṣì ń fẹ́. Ìyá Ìjọ gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa ọmọ yìí ni? Ṣé o ò rí i pé ohun tí ò ń bù sí i lókè ló ń gba ìsàlẹ̀ jáde? Má bu nǹkan sí i mọ́. Bí kò bá ti sí omi nínú rẹ̀, kí ni yóò yà?"

Gbogbo àwọn obìnrin tó wà nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà mi orí pé òótọ́ ni. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ nìyẹn, kì í ṣe Ìyá Ìjọ nìkan. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́, wọ́n á gbé omi kúrò nílẹ̀. Àwọn tó kù kàn ń tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá lẹ́nu àwọn ìyá wọn, mi ò sì bínú sí wọn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá Ìjọ ni ó gbé e dé ibi tí kò dé rí. Ó ní àìsàn náà kì í ṣe ojú lásán, ó sì kéde ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta fún ìyá àti ọmọ. Ìyá mi kò ní í fẹnu kan omi títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ọmọ kò ní í mu omi rárá, òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ nìkan ni yóò sì fa ọmú. Ìyá mi wo bàbá mi. Bàbá mi ń wọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́.

"Ṣé kí a má gbé e lọ sí ilé ìwòsàn?" ìyá mi bi í.

"O mọ̀ pé ìjọ wa kò gba òògùn," ó ní. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bí ẹ bá ti wí, Ẹ̀gbọ́n mi."

Ó di bàtà rẹ̀, ó lọ.

Ẹ wò ó, omi wà nílé. Mo fẹ́ kí èyí yé yín, nítorí ibẹ̀ ni orí mi ti máa ń gbóná. A kò sí ní aṣálẹ̀. Ẹ̀rọ omi wà ní ìkóríta, èmi àti ìyá mi la sì ń lọ tò síbẹ̀ láràárọ̀. Ìkòkò omi ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà wa, ó tutù, ife sì wà lórí ìdérí rẹ̀. Ìyá Ìjọ gbé àga rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò náà, ó jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì rẹ̀ lórí itan. Ìyá mi tó ń gba ààwẹ̀ ni ó ń pọn omi tí Ìyá Ìjọ fi ń wẹ̀. Garawa omi gbígbóná kan láàárọ̀, òmíràn ní ìrọ̀lẹ́. Mo máa ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà sílẹ̀ nínú balùwẹ̀, tó ń ṣàn kọjá lọ sínú gọ́tà, nígbà tí àbúrò mi ń sunkún nínú yàrá.

Ní ọjọ́ kejì ààwẹ̀ náà, ó ń sunkún, omi kò jáde lójú rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti jìn sínú. Àwùjẹ̀ rẹ̀, ibi rírọ̀ tó wà láàárín orí ọmọ ọwọ́, ti wọlé débi tí mo fi lè gbé ìka mi sínú rẹ̀. Bí mo bá fi ọwọ́ fa awọ ikùn rẹ̀ sókè, á dúró bẹ́ẹ̀, kò ní í tètè padà. Kò tọ̀ láti òwúrọ̀. Ìyá mi gbé e sọ́mú ní ìrọ̀lẹ́, ó fà á, ó fà á, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó ń wo ojú ìyá mi. Kò sí nǹkan nínú ọmú náà. Níbo ni yóò ti rí i? Omi tí obìnrin bá mu ni ara rẹ̀ fi ń ṣe wàrà, wọ́n sì ti ní kí èyí má mu. Ìyá Ìjọ wo ọmú náà, ó ní èṣù ló mú un gbẹ.

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta ni ìyá mi fi aṣọ tútù nu ètè ọmọ náà, nítorí ó ti ń bó. Bí aṣọ náà ṣe kan ẹnu rẹ̀, ó fi èrìgì rẹ̀ dì í mú, ó ń fà á mu. Ọmọ tí kò ní agbára láti gbé orí mọ́, a kò lè gba aṣọ náà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá mi jókòó sílẹ̀, ó ń wò ó. Kò sunkún. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù, nítorí mi ò rí i bẹ́ẹ̀ rí.

Ó dìde, ó jáde lọ kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ìjọ.

"Ìyá, mo fẹ́ gbé ọmọ lọ sí ọ̀dọ̀ wòlíì ní Ṣàngó, kí wọ́n gbàdúrà fún un."

Inú Ìyá Ìjọ dùn. Ó ní ìgbàgbọ́ ìyá mi ti ń dàgbà. Kò rí i pé nígbà tí a ń jáde, èmi gbé garawa kan tó ṣófo, garawa ńlá tí à ń fi pọn omi, dání. Kò sì rí ìgò oyin kékeré àti iyọ̀ tó ṣẹ́kù nínú èyí tí a fi sọ àbúrò mi lórúkọ, tí ìyá mi dì sínú gèlè pẹ̀lú ife àti ṣíbí.

Láti Dùgbẹ̀ dé Ṣàngó kì í ṣe ọ̀nà kékeré fún obìnrin tí kò jẹun tí kò sì mumi. A gba Mọ́kọ́lá lọ. Ó pọn ọmọ, ó ń rìn. Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n fa omi kànga kún garawa náà dé ẹnu. Ó gbé e lọ síwájú wòlíì. Ìgò ni àwọn èèyàn máa ń gbé wá, ẹlòmíràn á gbé ife. Wòlíì wo garawa, ó wo ìyá mi.

"Ìyá ọmọ, garawa kẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Àìsàn náà ju ti ìgò lọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni, kò sí ohun tí ẹ máa gbé dé iwájú rẹ̀ tí kò ní í gbàdúrà sí. Ó gbé ọwọ́ lé ẹnu garawa, ó gbàdúrà tó gùn, a ṣe àmín. Ìyá mi dúpẹ́, ó tún béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Bàbá, bí èèyàn bá ń gbààwẹ̀, tó bá mu omi yìí ńkọ́?"

"Omi àdúrà ni. Kò ba ààwẹ̀ jẹ́."

"Bí ó bá mu púpọ̀ ńkọ́?"

"Ìbùkún ni."

A kò tíì jáde ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà tí ìyá mi ti sọ garawa kalẹ̀ lábẹ́ igi. Ó fi ọwọ́ bu omi, ó mu ún, ó tún bu, ó ń mu ún bí ẹni tó ń bá omi jà. Lẹ́yìn náà ó tú ọmọ sílẹ̀, ó po oyin díẹ̀ àti iyọ̀ bíńtín mọ́ omi nínú ife, ó ń fi ṣíbí bù ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Kò mọ ìdí tí iyọ̀ fi yẹ. Ó sọ fún mi nígbà tí mo dàgbà pé òun rò pé bí omi bá dùn, ọmọ á mu ún, àti pé oyin àti iyọ̀ la fi ń gbàdúrà fún ọmọ. Èmi tí mo wá kà nípa rẹ̀ mọ̀ pé ìgbẹ́ gbuuru máa ń kó omi jáde lára, á kó iyọ̀ tẹ̀ lé e, àti pé adùn díẹ̀ ló ń ran ìfun lọ́wọ́ láti gba méjèèjì padà. Wọ́n ń kọ́ àwọn ìyá ní ilé ìwòsàn báyìí. Lábẹ́ igi ní Ṣàngó, a kàn ń wò ó bóyá yóò gbé e mì. Ó gbé e mì.

Nígbà tí a délé, ìyá mi gbé garawa náà kalẹ̀ níwájú Ìyá Ìjọ gan-an, ó jókòó tì í, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún ọmọ. Ìyá Ìjọ na ọwọ́ láti gba ṣíbí.

"Omi àdúrà ni, Ìyá," ìyá mi ní. "Wòlíì ní kì í ba ààwẹ̀ jẹ́."

Ọwọ́ Ìyá Ìjọ dúró lójú afẹ́fẹ́. Ó wo garawa náà, ó wo èmi. Mo wo inú ojú rẹ̀, mo ń rò ó nínú mi pé kó sọ ọ́, kó sọ pé omi ni, kí gbogbo ayálégbé gbọ́. Kò lè sọ ọ́. Ó gbé àga rẹ̀ wọlé. Ní ọjọ́ kejì tí a dé, ọmọ náà tọ̀ sí mi lára nígbà tí mo gbé e sẹ́sẹ̀, aṣọ mi tutù rinrin, mo sì jókòó bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ dìde. Inú mi dùn débi pé mo ń sunkún. Nígbà tí garawa fi máa tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ó ti máa ń ké, ó ń fẹ́ kí wọ́n gbé òun sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Ìyá Ìjọ jáde síwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó ní ọmọ àbúrò òun ń kú lọ, òun sì fi ààwẹ̀ gbígbẹ dá ikú dúró. Ó ní fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, omi kò kan ẹnu ọmọ náà. Ó sọ ọ́ láìmira. Bóyá ó tiẹ̀ gbà á gbọ́, níwọ̀n bí omi àdúrà kì í ti í ṣe omi. Agogo ń dún, wọ́n ń jó. Ó wá ní kí ìyá ọmọ jáde wá fi ìdúpẹ́ hàn. Ìyá mi kò dìde. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo gbọ́ nígbà tí bàbá mi rọra bẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn.

"Jọ̀ọ́. Nítorí tèmi. Má dójú tì wọ́n níwájú èèyàn."

Ìyá mi jáde, ó kúnlẹ̀ níwájú obìnrin yẹn pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá." Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Mo rò pé ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa parí sí nìyẹn, pé a ti gba ọmọ wa, kí òun náà gba ògo rẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà.

Kò pẹ́ sí i tí wọ́n kéde nínú ìjọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ohun tó ju ìgò lọ wá síwájú wòlíì mọ́, àti pé omi àdúrà tó bá jẹ́ ti ọmọ ọwọ́, ìwẹ̀ ni wọ́n á fi ṣe, kì í ṣe mímu. Wọ́n ní àwọn kan ń sọ ohun mímọ́ di ohun jíjẹ. Ìyá Ìjọ ló lọ bá àwọn alàgbà sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ kò gbé ìgò rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Obìnrin kan wà ní yàrá tó kọjú sí tiwa, aránṣọ ni, ọmọ ìjọ wa sì ni. Kò tíì pẹ́ tó lọ́kọ, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí, ọmọ náà kò sì ju àbúrò mi lọ púpọ̀. Lọ́wọ́ ìparí òjò, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ rẹ̀. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọmọ náà wá síwájú Ìyá Ìjọ, ó kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun kéde irú ààwẹ̀ tí wọ́n kéde fún àbúrò mi. Ìyá Ìjọ kéde rẹ̀.

Ìyá mi dúró kí Ìyá Ìjọ wọ balùwẹ̀ kí ó tó sáré wọ yàrá aránṣọ. Mo tẹ̀ lé e. Ó gbé ife omi dání, ó ti po iyọ̀ àti oyin sí i.

"Fún un ní omi," ó ní. "Jọ̀ọ́, fún un ní omi. Èmi fún tèmi."

Aránṣọ wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Omi kẹ̀, Ẹ̀gbọ́n? Ìyá Ìjọ ní omi kò kan ẹnu ọmọ yín."

"Irọ́ ni. Garawa kan ló mu. Béèrè lọ́wọ́ ọmọ mi yìí."

"Òótọ́ ni," mo ní. "Èmi ni mo fa omi náà."

Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ àyà. Ó ń wò wá láti ọ̀kan sí èkejì, mo sì rí i pé ẹ̀rù wa ló ń bà á, kì í ṣe ẹ̀rù àìsàn.

"Ẹ̀yin náà lẹ jáde síwájú ìjọ," ó ní. "Mo wà níbẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní ẹ ṣeun. Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nígbà yẹn? Ṣé nítorí pé tiyín ti yè ni ẹ ṣe fẹ́ ba ààwẹ̀ tèmi jẹ́?"

Ìyá mi ṣì na ife náà sí i. Aránṣọ gbà á, ó dà á síta gba ojú fèrèsé, ó sì dá ife padà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọmọ náà kú kí ààwẹ̀ tó pé. Wọ́n sin ín, wọ́n sì padà dé, àwọn obìnrin jókòó yí ìyá rẹ̀ ká. Ìyá Ìjọ gbé àga rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ó ní ẹnìkan ti gbé ife wọ yàrá náà ní àárín ààwẹ̀, iyèméjì sì ti wọlé pẹ̀lú rẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Gbogbo wọn yíjú wo ìlẹ̀kùn wa. Bàbá mi ti ìlẹ̀kùn náà, ó jókòó sórí ibùsùn, ó gbé ojú sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn ni mo kórìíra òun náà díẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó tán lára mi.

Aránṣọ kò kó kúrò nínú ilé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, á kọjá níwájú ìyá mi bí ẹni pé ògiri ló wà níbẹ̀, á lọ kúnlẹ̀ kí Ìyá Ìjọ, èyí á sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Ìyá mi máa ń kí i síbẹ̀síbẹ̀. Kò dáhùn rí. Nígbà tí ó tún bímọ, ọmọkùnrin, ìyá mi bu omi gbígbóná sínú garawa, ó gbé e lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti bá a wẹ ọmọ náà, bí àwọn obìnrin ilé kan náà ṣe máa ń ṣe fún ara wọn. Aránṣọ gbé ọmọ náà kọjá lára rẹ̀, ó gbé e lé Ìyá Ìjọ lọ́wọ́.